Rélùwéè dé Ìkẹjà, kò wọ pápákọ̀ òfurufú! Ará Ìlá tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń wá takisí kiri

Bí ẹnì kan bá ń lọ sí òkè òkun ní Ìlá-Ọ̀ràngún, gbogbo agbo ilé ló máa ń mọ̀. Èlùbọ́ ti wà nínú ọ̀rá, ẹja gbígbẹ ti wà nínú páálí, wọ́n ti fi okùn di bààgì, àwọn àgbà sì ti ṣàdúrà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń ku gbogbo ilé kù: "Aago mélòó lẹ máa kúrò nílé?"

Kì í ṣe pé wọn ò mọ aago tí bàálù máa gbéra. Ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ni iye wákàtí tí títì Èkó máa gbà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí bàálù rẹ̀ máa gbéra lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ fi máa ń kúrò ní Ìlá láti Ọjọ́bọ̀, kó lọ sùn sílé mọ̀lẹ́bí ní Èkó. Àwọn mìíràn a kúrò nílé nígbà tí àkùkọ kọ́kọ́ kọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe báyìí tí bàálù ṣì fi sílẹ̀ kò kéré. Wọ́n dé Ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wọ́n bọ́ níbẹ̀, wọ́n tún bá òmíràn ní Òṣòdì. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìdí káńtà, wọ́n ti tì í.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní kàyéfì. Ọkọ̀ ojú irin ti wà ní Ìkẹjà báyìí o, ní àdúgbò kan náà tí pápákọ̀ òfurufú wà. Ó ń kó èrò, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò wọ inú pápákọ̀. Bí oúnjẹ tó dé ẹnu tí kò kọjá sọ́nà ọ̀fun lọ̀rọ̀ ọ̀hún rí.

OHUN TÍ WỌ́N ṢÍ LÉKÒÓ

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú wá ṣí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún kan náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Láti Agbádó dé Oyíngbò ni, kìlómítà 27. Ibùdókọ̀ 8 ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Oyíngbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Blue Line, tó ń ti Marina lọ sí Mile 2, ti ń gbé èrò láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kìlómítà 13 nìyẹn.

Àwọn tó mọ̀ nípa ètò náà mọ̀ pé nínú ìwé tí àjọ LAMATA kọ́kọ́ yà sílẹ̀, ẹ̀ka kan wà tó yẹ kó yà kúrò lára Red Line, kó gba inú Ìkẹjà wọ pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Ẹ̀ka ọ̀hún ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà á tún gbé bààgì rẹ̀ lórí, á wá takisí, á dúnàá-dúrà, á sì tún bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó torí rẹ̀ wọ rélùwéè.

Ìrìn yẹn kò jìnnà. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá já gaara, kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ méjì, ó ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ tí ọ̀nà máa já gaara ní Ìkẹjà?

WỌ́N WO SCHIPHOL, WỌ́N KỌ́LÉ, WỌ́N GBÀGBÉ RÉLÙWÉÈ

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù rèé. Nígbà tí ìjọba ológun ń kọ́ pápákọ̀ Ìkẹjà láàárín ọdún 1970 sí 1979, pápákọ̀ Schiphol tó wà ní Amsterdam, lórílẹ̀-èdè Netherlands, ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe. Oṣù kẹta ọdún 1979 ni wọ́n ṣí tiwa. Ní ọdún 1978, nígbà tí tiwa kò tíì parí, àwọn ará Netherlands ti la ọ̀nà rélùwéè wọ Schiphol tiwọn. Lónìí, èrò tó bá bọ́ nínú bàálù níbẹ̀ á kàn gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé ni, á bá ọkọ̀ ojú irin nísàlẹ̀.

Àwọn ilé tó wà ní Ìkẹjà wá ń pọ̀ sí i. Wọ́n ṣí MMA2 fún àwọn tó ń rìn láàárín ilẹ̀ wa ní ọdún 2007. Olóògbé Muhammadu Buhari, nígbà tó jẹ́ Ààrẹ, ṣí ilé tuntun tí àwọn Ṣáínà kọ́ fún àwọn tó ń lọ sókè òkun ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 712 náírà láti tún ilé àtijọ́ ti ọdún 1979 ṣe. Ilé lórí ilé, ó dáa. Ṣùgbọ́n láti ilé kan sí èkejì, mọ́tò ni. Ẹni tó ti Ìlọrin wọ bàálù dé MMA2, tó sì fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, á jáde síta, á wá mọ́tò, á tún wọlé lápá kejì.

ÀBÚJÁ TI ṢE É ṢÁÁJÚ ÈKÓ

Ẹ má sọ pé irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní Àbújá, ọkọ̀ ojú irin wọ ọgbà pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe. Ọdún 2007 ni wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì rẹ̀ fún iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà. Oṣù keje ọdún 2018 ni Buhari ṣí i. Kìlómítà 45 ni, ibùdókọ̀ 12, owó tó sì ná wọn lé ní mílíọ̀nù 823 dọ́là. Mílíọ̀nù 500 dọ́là nínú ẹ̀ ni wọ́n yá lọ́wọ́ báńkì Exim ti ilẹ̀ Ṣáínà, gbèsè tí ọmọ Ìlá àti ọmọ Kàdúná jọ máa san nìyẹn.

Ohun tó dáa nínú ètò Àbújá ni pé ọkọ̀ ojú irin inú ìlú náà pàdé èyí tó ń ti Kàdúná bọ̀ ní ibùdókọ̀ Ìdu. Ẹni tó bá ti Kàdúná wá lè sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdu, kó wọ òmíràn, kó sì gba ibẹ̀ lọ síbi tó ti máa wọ bàálù láì fẹsẹ̀ kan títì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí inú yín má tíì dùn jù. Kò ju bí ọdún méjì lọ tí rélùwéè Àbújá fi ṣiṣẹ́ tó fi dákẹ́ ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà. Àrùn lọ, rélùwéè ò padà. Irin ń dípẹtà, àwọn olè ń tú ohun tí wọ́n lè tú, koríko ń hù. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú àti Minísítà Nyesom Wike tó tún un ṣí, wọ́n sì ní kí aráàlú máa wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀: kíkọ́ ọ̀nà rélùwéè wọ pápákọ̀ kò tó, bí kò bá sẹ́ni tó máa tọ́jú rẹ̀, asán ni.

JÁKÀŃDÈ TI FẸ́ Ẹ ṢE LÁTI 1983

Àwọn àgbà tó wà lékòó nígbà náà kò ní gbàgbé. Gómìnà Lateef Jákàńdè ló kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ ṣe rélùwéè inú ìlú fún Èkó. Ọdún 1983 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, sójà gbàjọba. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Buhari fagi lé iṣẹ́ ọ̀hún, owó tí Èkó pàdánù lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, kò sì sí táyà kan tó yí.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí po. Buhari kan náà tó fagi lé e nígbà tó jẹ́ sójà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí Blue Line lékòó ní oṣù kíní ọdún 2023, nígbà tó jẹ́ Ààrẹ alágbádá. Lórí ọ̀nà rélùwéè tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, orúkọ Jákàńdè ló wà lára ibùdókọ̀ Agbádó. Baba Jákàńdè jáde láyé ní oṣù kejì ọdún 2021, kò rí ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin inú ìlú máa gbé èrò lékòó. Ogójì ọdún ló fi wà láàárín èrò rẹ̀ àti ọkọ̀ àkọ́kọ́.

ÌYÁ ÀGBÀ DÉ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ká sọ pé ìyá àgbà kan ń ti Ìlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Àdúgbò Woolwich, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí ẹ̀wà, lọmọ rẹ̀ ń gbé. Ìyá bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ Heathrow láàárọ̀. Ọmọ rẹ̀ gba bààgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rìn díẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022. Wọn ò paarọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Bíi wákàtí kan, ìyá ti dé Woolwich, ó ti ń béèrè ọmọ tuntun.

Ìyẹn nìkan kọ́. Láti ọdún 1977 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ń wọ Heathrow. Gatwick ti ní ibùdókọ̀ rélùwéè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé èrò láti ọdún 1958. Rélùwéè kékeré inú ìlú tí wọ́n ń pè ní DLR wọ pápákọ̀ London City ní oṣù kejìlá ọdún 2005, wọ́n sì nà án dé Woolwich yẹn kan náà ní ọdún 2009. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Cleveland ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1968. New York sì ṣí AirTrain ní ọdún 2003, èyí tó ń yí gbogbo ilé èrò JFK ká, tó sì ń gbé èrò lọ pàdé rélùwéè ìlú ní Jamaica.

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kó wo South Africa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, ni wọ́n ṣí Gautrain láti Sandton wọ pápákọ̀ O.R. Tambo ní Johannesburg. Adúláwọ̀ bíi tiwa ni wọ́n.

Ohun tó wá ń pani lẹ́rìn-ín, tó tún ń bani nínú jẹ́, ni pé ìyá àgbà yẹn lè lo wákàtí kan ṣoṣo láti pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù dé ilé ọmọ rẹ̀, kó sì lo odidi ọjọ́ kan láti Ìlá dé pápákọ̀ Ìkẹjà.

KÍ LÓ FÀ Á TÍ KÒ FI ṢEÉ ṢE?

Ọ̀rọ̀ náà ní orí, ó sì ní ìdí. Èkíní ni ilẹ̀. Títì àti ilé Èkó wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pápákọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àjọ FAAN ló ń bójú tó o. Bí rélùwéè ìpínlẹ̀ bá fẹ́ wọbẹ̀, ẹnu àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kò. Kò rọrùn kí ọ̀gá méjì jọ fọwọ́ sí ìwé kan, pàápàá nígbà tí owó bá wà nídìí ẹ̀.

Èkejì ni òfin. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin ilẹ̀ wa gbé ọ̀rọ̀ rélùwéè lé lọ́wọ́. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ náà láǹfààní láti ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ àti bàálù ṣì wà lọ́wọ́ Àbújá.

Ẹ̀kẹta ni àwọn bààgì. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń gbé àpò kékeré. Ẹni tó ń lọ sókè òkun láti ilẹ̀ Yorùbá ń gbé bààgì ńlá méjì, páálí kan, àti ọ̀rá tí àǹtí rẹ̀ ní kó bá òun fún ẹnì kan. Ọkọ̀ ojú irin tó máa gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè ẹrù, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń gbé èèyàn gòkè, kí ìyá àgbà má baà máa fi orí ru bààgì gun àtẹ̀gùn.

Ẹ̀kẹrin ni àsìkò. Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òru ló máa ń gbéra. Rélùwéè tó bá sùn kí bàálù tó gbéra kò wúlò fún èrò. Ìkarùn-ún ni àwọn onítakisí tí wọ́n ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé rélùwéè máa pa iṣẹ́ àwọn. Kò yẹ kí wọ́n fojú di ẹ̀rù wọn, torí wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ. Ṣùgbọ́n ní Heathrow àti JFK tí rélùwéè wọ̀, takisí ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

ÌGBÓMÌNÀ Ń WO RÉLÙWÉÈ LÓKÈÈRÈ

Ẹni tó bá wà ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Òrà lè béèrè pé kí ló kàn wá nínú rélùwéè Ìkẹjà. Ó kàn wọ́n gan-an ni.

Ọdún 1896 làwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Ìdó lékòó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Kò yà sí Ìlá. Láyé ìgbà yẹn, ará Ìgbómìnà tó bá fẹ́ wọ rélùwéè, títì ló máa kọ́kọ́ tọ̀ dé Òkukù tàbí Òṣogbo. Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́sọlá jẹ́ gómìnà, láàárín ọdún 2010 sí 2018, ìjọba Ọ̀ṣun máa ń san owó ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún, èrò a sì kún un bámú. Ìyẹn fi hàn pé àwọn èèyàn ò kọ rélùwéè, rélùwéè ló kọ̀ wọ́n.

Ti pápákọ̀ òfurufú kò yàtọ̀. Pápá Ìdó-Ọ̀ṣun ti wà láti ayé àwọn òyìnbó, Arẹ́gbẹ́sọlá fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá pè é, owó wọlé síbẹ̀, iṣẹ́ kò parí. Nígbà ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, awuyewuye tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìdó-Ọ̀ṣun àti Ẹdẹ lórí ibi tó yẹ kó wà. Bí wọ́n ṣe ń jà lórí ilẹ̀, Ìlọrin tàbí Ìkẹjà lará Ìlá ń lọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ dín wàhálà rẹ̀ kù báyìí, ọ̀nà kan wà. Kó wọ mọ́tò láti Ìlá gba Òṣogbo dé Ìbàdàn, kó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ní Mọ́níyà. Kìlómítà 157 ni ọ̀nà rẹ̀. Ó ń gba Abẹ́òkúta, ó sì ń dúró ní Agége. Láti Agége, Red Line lè gbé e dé Ìkẹjà, bí àsìkò ọkọ̀ méjèèjì bá bára mu. Lẹ́yìn náà ló wá kan takisí. Ẹ ò rí i pé ó ku díẹ̀ káàtó? Gbogbo ọ̀nà ọ̀hún ló ti wà nílẹ̀, àfi ìkángun rẹ̀.

Àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2006, tí owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 8.3 dọ́là, ni kí rélùwéè tuntun yìí ti Èkó dé Kánò. Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ì bá ti wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìbàdàn ló ṣì dúró sí.

Ìlá tí Baba Bísí Àkàndé, gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003, ti jáde wá kì í ṣe ìlú tí kò ní ẹnu níwájú ìjọba. Àwọn ọmọ Ìgbómìnà wà ní Àbújá, wọ́n wà lékòó, wọ́n pọ̀ lókè òkun. Àwọn tó wà lókè òkun yẹn ló ń wọ rélùwéè láti inú bàálù dé ẹnu ọ̀nà ilé lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ń fowó ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kún un: kí Ọ̀ṣun béèrè rélùwéè tirẹ̀ lọ́wọ́ Àbújá, kí Èkó àti FAAN sì jókòó sórí ọ̀rọ̀ Ìkẹjà kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀ tó kù níbẹ̀. Ilé ti ọdún 1979 ni wọ́n fẹ́ tún ṣe yẹn. Bí wọn ò bá fi àyè rélùwéè sílẹ̀ lásìkò yìí, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún fẹ́ wó o.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Imú rélùwéè ti dé Ìkẹjà, ara rẹ̀ ló kù. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí bàálù rẹ̀ máa gbéra lálẹ́ Jímọ̀, kó tètè kúrò ní Ìlá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ o!